"N Kò Ní í Tà Á" Kì í Ṣe Iye Owó

Níbi ìkómọ kan ní Ìbàdàn ni èmi àti ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ akáńtáǹtì ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ìrẹsì wà níwájú mi, n kò sì wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ báńkì tó wó ní Amẹ́ríkà ló délẹ̀, ni ọmọkùnrin náà bá gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin oníwèé ìròyìn lẹ máa ń kó ìpayà bá aráàlú. Bọ́ǹdì téèyàn ò bá tà, kò sí àdánù kankan níbẹ̀. Orí ìwé lásán ni. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ pé, kọ́bọ̀ kan ò ní í dín."

Àwọn tó jókòó yí wa ká ń mi orí. Ẹ sì mọ bí àwa èèyàn ṣe rí: ẹni tó bá de táì, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ owó, a kì í bi í ní ìbéèrè kejì. Èmi náà kò rí èsì gidi fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí mo ti wọkọ̀ padà sí Èkó, tí a ti ń sún mọ́ Ògèrè, ni èsì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n fún un níbí, kí ẹ̀yin náà lè gbọ́, nítorí pé owó tí à ń sọ yìí kì í ṣe owó àwọn olówó nìkan. Owó ìfẹ̀yìntì tíṣà wà níbẹ̀, ti nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, owó tí ẹ̀yin fúnra yín fi pamọ́ sí báńkì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn, n kò sì ní í fi epo bọ iyọ̀. Ẹni tó ń tọ́jú owó olówó, tó fi ra bọ́ǹdì, tí iye bọ́ǹdì náà já wálẹ̀ lọ́jà, tó wá kọ iye tó rà á sínú ìwé nítorí pé "n kò ní í tà á," kò tíì mú àdánù náà kúrò. Ó kàn gbé e pamọ́ ni, kó lè já lé ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà kẹ́yìn lórí.

Ìwé gbèsè ni, kì í ṣe awo

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ bọ́ǹdì bà yín lẹ́rù. Ìwé gbèsè ni. Ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá nílò owó, ó yá a lọ́wọ́ rẹ, ó sì fún ọ ní ìwé pé òun yóò máa san èlé báyìí fún ọ lọ́dọọdún, àti pé nígbà tó bá di ọjọ́ báyìí, òun yóò dá ojú owó rẹ padà. Ọjọ́ yẹn là ń pè ní ọjọ́ ìpé. Kí ọjọ́ ìpé tó dé, o lè ta ìwé náà fún ẹlòmíràn, bí ẹni ta aṣọ tí kò tíì wọ̀.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ká ní o ra bọ́ǹdì ọlọ́dún mẹ́wàá ní ₦100,000 ní ìparí ọdún 2020, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ń yá owó ọlọ́jọ́ gígùn ní nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Èlé rẹ lọ́dún jẹ́ ₦7,000. Nígbà tó fi máa di 2024, èlé ti gun òkè àjà. Bọ́ǹdì tuntun ti ń mú 18, ó ń mú 20, àwọn mìíràn tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mú ₦100,000 tuntun dání lè gba ₦20,000 lọ́dún. Ta wá ni orí rẹ̀ pé tí yóò fi ₦100,000 ra ìwé tí ń mú ₦7,000 wá? Bí ọdún mẹ́fà bá ṣì kù kí ọjọ́ ìpé dé, tí èlé ọjà sì jẹ́ 20, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: nǹkan bí ₦57,000 ni ẹni tó bá gbọ́n yóò san fún ọ.

Olùgbèsè kò sá lọ o. Ìjọba ń san èlé rẹ̀ déédéé. Ṣùgbọ́n owó rẹ ti há sínú èlé ₦7,000 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba ₦20,000. Àdánù ni ìyẹn, bí kò tilẹ̀ sí olè tó wọlé.

Àpótí mẹ́ta

Ní ọdún 1993, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin ìṣirò owó ní Amẹ́ríkà pín bọ́ǹdì sí àpótí mẹ́ta. Àpótí kìn-ín-ní ni ti ẹni tó rà láti tà kíákíá. Èkejì ni ti ẹni tó lè tà, tó sì lè máà tà. Iye ọjà òní ni wọn yóò kọ sínú ìwé fún méjèèjì. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tó ní, "Èmi ó mú un dání títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé, mo sì ní agbára láti ṣe bẹ́ẹ̀." Èyí ni mo ń pè ní àpótí N-kò-tà.

Nínú àpótí N-kò-tà, iye tí o fi rà á ni o kọ. Bí o bá ra ìwé ₦100,000 ní ₦94,000, wàá máa fi ₦6,000 tó ṣẹ́ kù kún un díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, títí yóò fi di ₦100,000 géérégé lọ́jọ́ ìpé. Bí ₦106,000 lo fi rà á, wàá máa yọ díẹ̀díẹ̀ kúrò. Bí ó bá hàn pé olùgbèsè lè má lè san, wàá dín in kù. Ṣùgbọ́n bí èlé ọjà bá fò láti 7 dé 20, ìwé rẹ kò ní í mira. Ojú ọjọ́ lè máa sú lóde, òòrùn ni yóò máa ràn nínú ìwé.

Òfin náà kò gọ̀ pátápátá. Ó ní bí o bá ta nínú àpótí yìí láìní ìdí tí òfin gbà, gbogbo àpótí ti bàjẹ́ nìyẹn. O kò lè tún pe ìyókù ní N-kò-tà mọ́. Ẹ ò rí i? Òfin fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló dúró lé lórí. Òfin ìṣirò ti àgbáyé, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wa ní Nàìjíríà ń tẹ̀ lé láti 2012, yí orúkọ àpótí náà padà ní 2018. Wọ́n ní ohun tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ fi bọ́ǹdì náà ṣe ni kí a máa wò. Orúkọ yí padà, ìwà kò yí padà: bí o bá rà á láti máa gba èlé àti ojú owó rẹ̀, iye tí o fi rà á náà ni wàá ṣì máa gbé kiri.

Ẹ má sì rò pé wọn kò rí àpẹẹrẹ kí wọ́n tó ṣe òfin yìí. Láàárín 1986 sí 1995, àwọn ilé-ìfowópamọ́ tí ń yáni lówó kọ́lé ní Amẹ́ríkà tó wó lé ní 1,000. Èlé kékeré ni wọ́n ti fi owó yáni fún ọgbọ̀n ọdún, èlé ńlá ni wọ́n wá ń san fún àwọn tó fi owó pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Fún ọdún púpọ̀ ni ìwé wọn fi dára lójú, nítorí pé iye àtijọ́ ni wọ́n ń kọ. Òkú ti ń rùn nínú yàrá, wọ́n ń fín lọ́fínńdà sí pálọ̀.

Alájọ àdúgbò wa

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, alájọ kan wà ní àdúgbò wa. Bàbá jẹ́ẹ́jẹ́ ni, tí í gun kẹ̀kẹ́. Àràárọ̀ ló máa ń dé, yóò gba owó, yóò fa ìlà sínú káàdì rẹ, yóò fa òmíràn sínú ìwé tirẹ̀. Bí oṣù bá parí, yóò kó owó rẹ fún ọ, yóò mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá mi wà nínú àjọ náà. Ìyá ẹlẹ́kọ, àwọn télọ̀, fọkanáísà, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Àwọn kan kì í gba owó wọn lóṣooṣù. Wọ́n á ní kó máa bá àwọn tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí ilé-ìwé yóò wọlé.

Bàbá náà wò ó pé owó jókòó lásán, ló bá fi ra pákó. Pákó gidi ni o, tó gbẹ, tó tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí pákó wọ́n ló rà á. Kò pẹ́ tí òjò dé, ilé kíkọ́ dáwọ́ dúró, iye pákó sì wálẹ̀. Àwọn tó sún mọ́ ọn ní kó tà á kó tó burú jù. Ó ní, "N ò tà á. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, yóò padà síye rẹ̀." Nínú ìwé rẹ̀, iye tó fi rà á ló kọ. Bí o bá ṣí ìwé náà wò, owó gbogbo ènìyàn pé pérépéré.

Ni ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé. Gbogbo abiyamọ àdúgbò dé lọ́sẹ̀ kan náà. Àwọn tó kọ́kọ́ dé gba owó wọn pé, nítorí pé ó ṣì ní owó díẹ̀ nílé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pákó lójú méjèèjì, àwọn oníbàárà sì ti rí i pé ó ti há, wọ́n ń bù ú ní àbùjẹ. Ọjọ́ karùn-ún ni ìyá mi lọ. Ìdajì owó rẹ̀ kọ́ ló gbà. Ìyá ẹlẹ́kọ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò rí kọ́bọ̀.

Bàbá náà kò jalè. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Kò na owó náà sórí àríyá, kò fi fẹ́ ìyàwó. Ohun kan ṣoṣo ló ṣe: iye tó wà nínú ìwé rẹ̀ kì í ṣe iye tó wà lọ́jà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, àwọn tó tètè jí gba owó àwọn tó pẹ́ jí.

Bílíọ̀nù 15 nínú àkámọ́

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí báńkì tó dá ìjà sílẹ̀ níbi ìkómọ. Silicon Valley Bank ni orúkọ rẹ̀, ìpínlẹ̀ California ni ibùjókòó rẹ̀, ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ni wọ́n pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Ní 2020 àti 2021, owó ń rọ̀ lé àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí lórí bí òjò, wọ́n sì ń kó o lọ fún báńkì náà. Báńkì fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ ra bọ́ǹdì ọlọ́jọ́ gígùn tí ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìjọba ń ti lẹ́yìn dúró fún. Kò sí ẹni tó bẹ̀rù pé olùgbèsè kò ní í san. Ṣùgbọ́n èlé èyí tó wà nínú àpótí N-kò-tà kò tó 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ní ìpíndọ́gba.

Ní oṣù kẹta 2022, báńkì àgbà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè láti ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Kí oṣù kejì 2023 tó tán, ó ti kọjá 4.5. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí bọ́ǹdì ọlọ́lé kékeré. Ní ìparí 2022, ìwé báńkì náà ní bọ́ǹdì inú àpótí N-kò-tà jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 91 dọ́là. Lọ́jà, nǹkan bí bílíọ̀nù 76 ni. Bílíọ̀nù 15 ti yọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tí báńkì náà lè pè ní tirẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti yọ gbèsè, kò ju nǹkan bí bílíọ̀nù 16 lọ.

Ṣé wọ́n purọ́ ni? Rárá. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Bílíọ̀nù 76 náà wà nínú ìwé ìṣirò wọn, ẹni tó bá wá a yóò rí i. Ṣùgbọ́n inú àkámọ́ ni wọ́n fi í sí, bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ jókòó sẹ́yìnkùlé nítorí pé àlejò dé. Bílíọ̀nù 91 ni wọ́n kà mọ́ ọrọ̀ wọn. Àwọn tí ń yẹ ìwé owó wò buwọ́ lù ú ní oṣù kejì 2023. Kò sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí báńkì ọ̀hún wó.

Bó ṣe wó rèé. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta 2023, báńkì náà kéde pé òun ti ta bọ́ǹdì tó tó bílíọ̀nù 21 láti inú àpótí kejì, òun pàdánù bílíọ̀nù 1.8 níbẹ̀, òun sì ń wá owó tuntun tó lé ní bílíọ̀nù 2. Ojú àwọn olówó là. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó wà nínú àpótí kẹta. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n kó bílíọ̀nù 42 dọ́là jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láìsí pé ẹnikẹ́ni tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì. Orí fóònù ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Bílíọ̀nù 100 mìíràn tún wà lójú ọ̀nà fún ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹwàá, ìjọba ti ilẹ̀kùn.

Mo wá ń béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin akáńtáǹtì: níbo ni "n kò ní í tà á" wà lọ́jọ́ náà? Ṣé báńkì ló máa pinnu ìgbà tí yóò tà, àbí olówó? Ẹni tó ni owó ló ni ọjọ́ títà, kì í ṣe ẹni tó ń bá a tọ́jú rẹ̀. Báńkì kò lè búra pé òun yóò mú bọ́ǹdì dání fún ọdún mẹ́wàá, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ni owó lè gbà á lọ́sàn-án òní.

Ní tòótọ́, ìjọba Amẹ́ríkà dìde ní ọjọ́ kejìlá, ó ní kí gbogbo àwọn tó fi owó síbẹ̀ gba owó wọn pé. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ló kọjá iye tí òfin dáàbò bò tẹ́lẹ̀, ìyẹn 250,000 dọ́là. Àwọn báńkì yòókù ni wọ́n dá owó lé lórí láti fi dí ihò náà. Lọ́jọ́ kan náà ni báńkì àgbà ní kí àwọn báńkì tó bá níṣòro kó bọ́ǹdì wọn wá, òun yóò yá wọn ní iye ojú ìwé, bí ẹni pé bọ́ǹdì náà kò já wálẹ̀ rárá. Ìjọba tó ní àpò bí ìyẹn lè ṣe é. Lọ́dọ̀ tiwa, ní 2024 ni NDIC ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iye tí òun dáàbò bò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní báńkì ńlá kan kúrò ní ₦500,000 sí ₦5 mílíọ̀nù. Ẹni tó bá ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó yáa mọ ohun tí báńkì rẹ̀ kó sínú àpótí.

Ẹjọ́ wọn kò ṣófo

N kò fẹ́ kí ẹ sọ pé mo gbọ́ ẹjọ́ apá kan dá. Àwọn tó fẹ́ràn àpótí N-kò-tà ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní àgbẹ̀ tó gbin kòkó kì í lọ béèrè iye tí wọn yóò ra oko rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Wọ́n ní onílé kì í jí láràárọ̀ pe alágbàtà láti wo iye ilé rẹ̀. Wọ́n ní iye ọjà a máa já nítorí ìpayà lásán, yóò tún gòkè, àti pé bí èèyàn bá ń kọ gbogbo ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ yìí sínú ìwé, ìdààmú ni yóò pa oníṣẹ́ àti olówó.

Mo gbà. Bí owó tìrẹ bá ni, tí ebi kò pa ọ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè wá gbà á lọ́wọ́ rẹ, kọ ohun tó bá wù ọ́ sínú ìwé rẹ. Ṣùgbọ́n oko kòkó tiẹ̀ ni àgbẹ̀ yẹn ń sọ. Bí ó bá jẹ́ oko tí ogún ènìyàn dá owó jọ rà ni, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn sì lè jí lọ́la pé kí wọ́n fún òun ní ìpín òun, wọn kò ní í ṣaláì mọ iye oko náà lónìí. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, àwọn kan yóò jẹ àwọn kan ni dandan.

Ti owó ìfẹ̀yìntì

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an. Láti ìgbà tí òfin owó ìfẹ̀yìntì 2004 ti dé, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2014, oṣooṣù ni wọ́n ń yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́, tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ sì ń fi tirẹ̀ kún un. Ní ìparí 2024, owó náà ti lé ní tírílíọ̀nù 22 náírà. Ju ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀ ló wà nínú ìwé gbèsè ìjọba àpapọ̀. Nínú ìròyìn oṣooṣù tí PenCom ń gbé jáde, ìlà méjì ni bọ́ǹdì ìjọba máa ń wà: ìlà kan fún èyí tí wọn yóò mú dání títí ọjọ́ ìpé, ìlà kejì fún èyí tí wọ́n lè tà. Ìlà àkọ́kọ́ ló sanra jù.

Wọ́n á ní ti owó ìfẹ̀yìntì yàtọ̀ sí ti báńkì, nítorí pé òṣìṣẹ́ kò lè sáré wá gbà á lọ́sàn-án òní. Òótọ́ ni. Bóyá ibẹ̀ ni àpótí N-kò-tà ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Síbẹ̀, àwọn èèyàn ń jáde nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn kan ń fẹ̀yìn tì. Àwọn kan ń kú, tí wọ́n ń san ti wọn fún ẹbí. Láti oṣù kọkànlá 2020, òṣìṣẹ́ lè kó àkáǹtì rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn. Iye wo ni wọn yóò fi san ti ẹni tó ń jáde? Iye tó wà nínú ìwé ni.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Ènìyàn mẹ́wàá da owó pọ̀, ₦100,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ra bọ́ǹdì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìwé ní ₦1,000,000 ni. Ọjà ní ₦570,000 ni. Mẹ́ta nínú wọn jáde, wọ́n gba ₦100,000 lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìwé ṣe wí. ₦300,000 ti lọ. Lójú ọjà, ₦270,000 ló ṣẹ́ kù fún ènìyàn méje. Kò tó ₦39,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ₦57,000 ló tọ́ sí wọn. Ta ló kó ìyókù lọ? Bí wọ́n bá ní owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni àwọn fi san án, a jẹ́ pé àwọn ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ló fi ₦100,000 ra ohun tí kò ju ₦57,000 lọ. Bí èlé bá sì wálẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, tí iye bọ́ǹdì gòkè, àwọn tó ń jáde ni wọn yóò rẹ́ jẹ. Ọ̀nà yòówù kó gbà, ẹnì kan ń jẹ ẹnì kan, ìwé kò sì sọ.

"Kọ́bọ̀ kan ò ní í dín." Ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú jù nìyí. Ní oṣù kejìlá 2024, iye tí àjọ onísirò ìjọba sọ pé ọjà fi gbówó lórí láàárín ọdún kan jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń gba 7 lórí owó rẹ̀ lọ́dún yẹn, kọ́bọ̀ rẹ̀ kò dín, ṣùgbọ́n gààrí inú rẹ̀ ti dín. Ìwé kò rí ìyẹn. Ìyàwó ilé rí i.

Ẹ sì wo àwọn ará Ghana. Ní oṣù kejìlá 2022, ìjọba wọn ní kí àwọn tó ní bọ́ǹdì òun lọ́wọ́ kó wọn wá, kí wọ́n gba tuntun tí èlé rẹ̀ kéré, tí ọjọ́ ìpé rẹ̀ sì jìnnà. Àwọn tó ti kọ ọ́ pé àwọn yóò mú un dání di ọjọ́ ìpé wá rí i pé ọjọ́ ìpé gan-an ní ẹsẹ̀, ó lè rìn. Àwọn báńkì wọn kọ àdánù rẹpẹtẹ sínú ìwé ọdún 2022. Ní oṣù kejì 2023, àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì gbé pákó ìfẹ̀hónúhàn lọ sí ilé-iṣẹ́ ètò ìnáwó ní Accra. Sophia Akuffo, adájọ́ àgbà tẹ́lẹ̀ rí, bá wọn dúró níbẹ̀. Wọ́n padà yọ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì sílẹ̀ nínú pàṣípààrọ̀ náà. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ló dúró nínú òòrùn kí wọ́n tó yọ ọ́.

Kí ni mo wá ń fẹ́?

N kò ní kí ẹ fọ́ àpótí náà. Mo ní kí ẹ ṣí i.

Èkíní, iye méjèèjì ni kó wà lójú ìwé kan náà, kí lẹ́tà wọn sì tó ara wọn: iye tí a rà á, àti iye tí ọjà yóò san lónìí. Kí wọ́n yọ ọ́ nínú àkámọ́, kí wọ́n má fi í sí ìsàlẹ̀ ìwé ojú ewé ọgọ́rùn-ún tí ẹnikẹ́ni kì í kà.

Èkejì, báńkì tó bá ní òun kò ní í tà, kó fi hàn wá pé owó tó fi rà á jẹ́ owó tí yóò pẹ́ lọ́wọ́ òun. Bí ó bá jẹ́ owó tí olówó lè gbà lọ́la ló fi ra bọ́ǹdì ọlọ́dún mẹ́wàá, kí àwọn alábòójútó báńkì yọ àdánù ọjà náà kúrò nínú agbára báńkì ọ̀hún kí wọ́n tó sọ pé ara rẹ̀ le.

Ẹ̀kẹta, ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ nípa owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un ní èdè tó yé e: èló nínú owó rẹ ló wà nínú àpótí N-kò-tà, èló ni yóò jẹ́ bí a bá ní ká tà á lónìí. Wọn yóò ní ẹ̀rù yóò ba òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù bà á. Ẹni tí ẹ̀rù bà á béèrè ọ̀rọ̀; ẹni tí kò mọ nǹkan ni wọ́n máa ń bá lójú oorun.

Ìyá mi kò gbé alájọ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ní èèyàn dáadáa ni, àti pé ìwé rẹ̀ mọ́. Èmi náà rí ìwé náà. Ó mọ́ lóòótọ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti pa nǹkan rẹ́. Ọdún yẹn, èmi àti àbúrò mi jókòó sílé fún odindi táàmù kan.

Bí èmi àti ọmọkùnrin akáńtáǹtì yẹn bá tún pàdé níbi ìkómọ, n kò ní í bá a pariwo mọ́. Màá kàn bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: àbúrò, bó bá dá ọ lójú pé o kò ní í tà á, kí ló dé tí ò ń fi iye tí wọn yóò rà á pamọ́ fún ẹni tó ni owó?